Ta Ni Ó Yin Ìbọn Àkọ́kọ́ fún Bàbá Mi?

Ráṣídì Àkàndé, ọmọ ilé Ìsàlẹ̀ ní ìlú wa, ni ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ tí ó ṣẹ̀ mí ni ọjọ́ Àìkú tí wọ́n dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1985, kí oòrùn tó kan àtàrí, nínú ilé ìyìnbọn kan tí ó wà ní ìkọjá Matteson, ní gúúsù Chicago. Mo kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, mo sì dárúkọ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mo ń sọ. Òun náà mọ̀ pé mo ń kọ ọ́. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé n ó kọ ọ́.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo rí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé gíga, n kò wọ inú rẹ̀. Nítorí náà mo ń rọra to ọ̀rọ̀ mi bí ẹni tí ń to ìkòkò, kí ọ̀kan má baà fọ́ èkejì. Ẹ bá mi fi sùúrù kà á.

Ìlú kékeré ni ìlú wa ní Òkè-Ògùn, ìlú ọdẹ sì ni. Ilé méjì ni ó ń du ipò Olúọ́dẹ, tí í ṣe olórí gbogbo ọdẹ: ilé Òkè, tí í ṣe tiwa, àti ilé Ìsàlẹ̀, tí í ṣe ti Ráṣídì. Bàbá mi ni Olúọ́dẹ nígbà tí mo kúrò nílé. Àpò ọdẹ ìlú, àpò awọ àtijọ́ kan tí a kì í fọ̀, a kì í sì í nà sóòrùn, ni ó ń fi kọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀. Ilé tí àpò náà bá ń gbé, ibẹ̀ ni ipò ń gbé.

Òfin tí ó de àpò náà kò ṣòro. Bí Olúọ́dẹ bá wọlé, ìbọn kankan kò gbọdọ̀ dún ní ìlú títí a ó fi yin ìbọn àkọ́kọ́ fún un. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni ó ni ìbọn náà. Yóò fọ ọwọ́ rẹ̀, yóò la obì, yóò fi kan ẹnu ìbọn tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò tíì yìn rí, yóò pe orúkọ bàbá rẹ̀ sókè, yóò sì yìn ín. Bí ó bá ṣe é, àpò yóò jókòó sí ilé wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé kejì bá ṣáájú rẹ̀ yìnbọn, tí ó sì pe orúkọ baba ilé tirẹ̀, àpò yóò dìde, yóò sì tẹ̀ lé ẹni náà lọ. Òkèèrè kì í ṣe àwáwí. Kúmásí ni bàbá bàbá mi wà, ó ń ṣiṣẹ́ ní oko kòkó, nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú. Ibẹ̀ ni ó ti yin tirẹ̀, tí ó sì ránṣẹ́ sílé. Ìlú gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun rere tí Ráṣídì ṣe fún mi kí n tó sọ búburú, nítorí ẹjọ́ tí a bá fi ìpín kan pamọ́ nínú rẹ̀ kì í tọ́. Ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun ni ó wá pàdé mi nígbà tí mo dé Chicago. Yàrá kan ṣoṣo ni ó ń háyà ní Albany Park nígbà náà, a sì jọ ń sùn sínú rẹ̀. Ó fún mi ní kóòtù rẹ̀ àtijọ́, ó kọ́ mi bí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré lórí afárá, ó sì bá mi wá iṣẹ́. Mo jẹ oúnjẹ rẹ̀. N kò sẹ́ ẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, a jókòó, à ń jẹ ìrẹsì, ni mo gbọ́ ìró ìbọn lẹ́yìnkùlé. Mo gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó kú?"

Ráṣídì wò mí. Ó rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi há a lọ́fun.

"Wọn ò tíì mọ̀," ni ó wí. "Tó bá di àárọ̀, wọ́n á sọ ọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n."

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ọmọ ìlú wa tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Bí mo bá ti wọlé, ẹnìkan yóò ní, "Ta ló kú?" Èmi náà a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ara mi, n kò rí ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ní ìlú wa, ikú ni ó ń ṣíwájú, ìbọn a sì tẹ̀ lé e láti sìn ín. Ní Chicago, ìbọn ni ó ń ṣíwájú. Ẹni tí èyí kò bá yà lẹ́nu ti gbé ibẹ̀ pẹ́ jù.

Iṣẹ́ tí Ráṣídì bá mi wá ni ti ilé yìnyín kan tí wọ́n ń kó ẹran sí. Ẹran màlúù ni mo ń gbé láti inú ọkọ̀ sí ara ìwọ̀, láti ara ìwọ̀ sí inú ọkọ̀. Wọn kò ní orí, wọn kò ní ìrù, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí wọ́n ti pa wọ́n tàbí bí wọ́n ti sá. Ọmọ ọdẹ ni mí. Nílé, ẹran kì í wọlé láìní ìtàn. Ọ̀gá wa kò lè pe orúkọ mi, nítorí náà ó ń pè mí ní Jọ́ọ̀. Mo ń jẹ́ ẹ. Mo ti dúró ní ibùdókọ̀ rí ní òwúrọ̀, mo kí obìnrin àgbà kan pẹ̀lú ìtẹríba bí mo ti ń kí ìyá mi. Obìnrin náà gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì sún sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọwọ́ ènìyàn kí n tó wo ojú wọn. Kí n tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ìfura ni èdè tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ní ìlú yẹn.

Fóònù kan ṣoṣo ni ó wà ní ìlú wa, ilé Alhaji onílọ́rì ni ó sì wà. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè. Àbúrò mi, Làmídì, a jókòó síbẹ̀, a máa retí mi. Ní Àìkú kan, kò kí mi bí ó ti máa ń kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ jókòó?"

"Mo dúró. Sọ ọ́."

"Erin wó."

Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú wáyà, bí ẹni pé òkun ni ó dá sí wa láàárín.

"A ti sin wọ́n lánàá," Làmídì wí. "Ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó yìnbọn. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

"Làmídì, Chicago ni mo wà."

"Bàbá bàbá wa wà ní Kúmásí."

"Ilé Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n jókòó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ń sunkún, ojú wọn sì ń bẹ lára ògiri."

Èmi ni mo lọ sọ fún Ráṣídì. Ẹ kíyè sí èyí. Nígbà náà ó ti ní iṣẹ́ gidi ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, ó ti fẹ́ ìyàwó, ó sì ti ra ilé sí Matteson. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a. Ó sunkún nígbà tí ó gbọ́. Mo rò nígbà náà pé bàbá mi ni ó ń sun.

"Òfin Chicago ò gba ìbọn ìléwọ́ tuntun wọ ìlú," ni ó wí. "Ìta gbangba náà, o ò lè yìnbọn níbẹ̀, ọlọ́pàá á kó ẹ. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí ibí tó ní ilé ìyìnbọn lẹ́yìn rẹ̀. Pisitú nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé, wọn kì í gba ìbọn gígùn. O lè ra tìẹ, kó o yìn ín níbẹ̀, kó o sì fi pamọ́ sínú àpótí tí wọ́n ń háyà."

"Ìbọn ìléwọ́ fún Olúọ́dẹ?"

"Ìbọn ni ìbọn, ọmọ Olúọ́dẹ. Èyí tó bá tóbi ni kó o rà."

Káàdì tí ìjọba fi ń gba ènìyàn láyè láti ní ìbọn kò tètè dé. Mo dúró. Nílé, wọ́n ń dúró. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọdẹ kankan kò lè yìnbọn. Bí mo bá pè, Làmídì a ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bọ ti jẹ oko àgbàdo Bàbá Mọ́gàjí tán. Àwọn ọdẹ jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń wò wọ́n. Ọ̀bọ gan-an ti mọ̀ pé ẹ ò tíì rí ìbọn rà." Mo ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń bò mí.

Nígbà tí káàdì dé, èmi àti Ráṣídì lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Àgbà òyìnbó kan ni ó ni ín, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ìbọn kéékèèké ni ó kọ́kọ́ tò síwájú mi, àwọn tí a lè fi ọwọ́ bò. N kò fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ẹ sọ fún un pé èyí tí ó pariwo jù ni mo fẹ́," mo wí fún Ráṣídì.

"Èmi kọ́! N ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó. Á pe ọlọ́pàá."

Mo sọ ọ́ fúnra mi, pẹ̀lú ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì mi. Àgbà náà yọ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ẹni tó ń wọlé síbí, èyí tó kéré tó sì ṣe é fi pamọ́ ni wọ́n ń béèrè. Kí lo fẹ́ fi èyí tó pariwo ṣe?"

"Ìsìnkú," mo wí.

Ó wo Ráṣídì. Ráṣídì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọ́n kọ́ ọ ní ibi iṣẹ́. "Bàbá ẹ̀ ló kú nílé. Àṣà wa ni."

Mo rò pé yóò lé wa jáde. Ó fi aṣọ nu awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n yìnbọn fún àbúrò mi náà, nígbà tí wọ́n gbé e ti ojú ogun dé nínú pósí." Ó kó àwọn ìbọn kéékèèké náà kúrò, ó mú kọ́kọ́rọ́ láti inú àpò rẹ̀, ó sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí ní Amẹ́ríkà, ìgbà yẹn nìkan ni mo rí òyìnbó tí n kò ní láti ṣàlàyé ara mi fún lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ó gbé jáde ni n ó ròyìn fún yín, nítorí ohun tí a jà mí lólè rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Fọ́tì-fáìfù ni, ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ tó orí àtàǹpàkò mi. Irin rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí omi inú àmù. Igi ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, igi dúdú tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tí ó bá àtẹ́lẹwọ́ mi mu bí ìgbà tí wọ́n wọn ọwọ́ mi kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ó wúwo. Bàbá mi máa ń sọ pé ìbọn tí kò bá wúwo lọ́wọ́ yóò wúwo lọ́rùn. Mo yẹ ojú ihò rẹ̀ wò lójú iná, ó mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo fa orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì padà pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo, bí ìlẹ̀kùn ilé olówó. Àgbà náà ní kò sí ẹni tí ó tíì yìn ín rí, pé alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún gbogbo oríkèé rẹ̀ ṣe. Owó tí mo ń tọ́jú láti fi ra ọkọ̀ ni ó bá a lọ. N kò kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Ráṣídì gbà á lọ́wọ́ mi láti wò ó. Ó dì í mú pẹ́.

"Ọmọ Olúọ́dẹ!" ni ó wí. "Ṣé ìwọ lo máa wá jẹ Olúọ́dẹ Chicago báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́. Ó tún wò ó kí ó tó dá a padà.

Òfin ní kí a dúró fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fi ìbọn lé mi lọ́wọ́. Nítorí náà ni ó fi bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tí mo dárúkọ. Mo ra obì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gánà, olójú mẹ́rin, mo fi sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi lápá òsì. Ráṣídì wá fi ọkọ̀ gbé mi ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Ní ilé ìyìnbọn, òfin wọn ni pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ ohun ìbo-etí, igbá méjì bí ìkarahun tí a dé mọ́ etí, kí ìró má baà dí etí. Mo wọ tèmi láti ẹnu ọ̀nà. Inú ayé mi dákẹ́. Àgbà náà ki ọta sínú ìbọn mi, ó gbé e lé orí tábìlì kékeré kan, ó dojú rẹ̀ kọ iwájú, níbi tí wọ́n so àwòrán ènìyàn lórí páálí kọ́ sí. Mo fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe fún Ráṣídì pé mo fẹ́ lọ fọ ọwọ́. Ó mi orí pé kí n lọ. Ọmọ ilé ọdẹ ni. Ó mọ ìdí tí mo fi fẹ́ fọ ọwọ́. Mo tún un sọ: ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn dígí. Mo fọ ọwọ́ mi, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì yí padà. Láti inú dígí ni mo ti rí i. Ráṣídì ti dúró níwájú tábìlì, ìbọn mi wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo ti ìlẹ̀kùn. Mo pariwo, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn ara mi. Mo rí i tí ètè rẹ̀ mì. Ó sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà iná tan ní ẹnu ìbọn, ìró rẹ̀ sì gba àyà mi wọlé, nítorí kò lè gba etí mi. Òórùn ètù kún ibẹ̀. Òórùn ilé bàbá mi ni, ní ọjọ́ ọdún ọdẹ. Omi ń kán ní ìka mi sílẹ̀.

Ó yí padà, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì gbé ìbọn náà fún mi bí ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún ènìyàn.

Mo yin ìyókù. N kò la obì, nítorí ìbọn àkọ́kọ́ nìkan ni a ń la obì fún. Mo pe orúkọ bàbá mi, mo pè é títí ọta fi tán. Ìbọn náà ń ta mí lọ́wọ́ dé èjìká, mo ń padà sí ipò mi. Nígbà tí wọ́n fa páálí náà wá, gbogbo ọta mi ni ó wà ní àyà rẹ̀, ti Ráṣídì sì fẹ̀gbẹ́ kọjá ní apá. Àgbà náà pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí kì í bá ṣe ohun tí ó ṣáájú, ǹ bá sọ pé ọjọ́ ayọ̀ ni.

Nínú ọkọ̀, n kò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ṣáájú mi?"

"Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Mo ní kí n tọ́ ọ wò fún ẹ, kó má lọ gbá ẹ lójú."

"Orúkọ ta ni ẹ pè?"

"Orúkọ wo?"

"Ẹnu yín mì."

"Bísímílláhì ni mo wí. Ṣé èèyàn ò gbọdọ̀ ṣe Bísímílláhì mọ́ ni?"

Ó tan rédíò.

Ilé rẹ̀ ni ó gbé mi lọ. Ìyàwó rẹ̀, Sìkírá, gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹran wá, ó sì kúnlẹ̀ kí mi bí ọmọ rere, ó bá mi dárò bàbá mi. Mo bẹ Ráṣídì pé kí ó jẹ́ kí n fi fóònù rẹ̀ pe ilé, kí Làmídì lè gbọ́ pé a ti yìnbọn.

"Wọ́n ti dí lọ́ngì-dísítáǹsì, ìpè ọ̀nà jíjìn, lórí fóònù wa," ni ó wí. "Bíìlì oṣù tó kọjá ló fà á. Jẹun. Jẹ́ kí n lọ kírun."

Ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Mo gbé òkèlè dé ẹnu, mo sì gbọ́ ìró kan. Fóònù wọn jẹ́ irú èyí tí a ń fi ìka yí. Bí a bá ń pe ẹni tí ó wà ní àdúgbò, yíyí rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹni tí ó bá ti pe Nàìjíríà rí mọ bí ó ti máa ń pẹ́ tó, tí ìka a fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo gbọ́ kírr, mo tún gbọ́ kírr, kò sì tán. Mo wo Sìkírá. Sìkírá wo ilẹ̀.

"Irú ìrun wo nìyẹn?" mo bi í.

"Ẹ ò ní mu omi, ẹ̀gbọ́n?" ni ó dá mi lóhùn, ó sì dìde.

Nígbà tí Ráṣídì jáde, ó ní ibi iṣẹ́ òun ni òun pè nítorí ṣíífù. N kò jẹ ẹ̀bà náà tán. Ìlú yẹn fi wákàtí kan ta gbogbo ènìyàn lọ́rẹ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n tèmi, wọ́n jí i gbà lọ́wọ́ mi. Láti Matteson dé Albany Park, ọkọ̀ ojú irin méjì ni, àti dídúró nínú atẹ́gùn. Nígbà tí mo dé yàrá mi tí mo sì pe ilé Alhaji, Làmídì ni ó gbé e.

"Ẹ pẹ́," ni ó wí.

"Mo ti yìn ín, Làmídì."

"Wọ́n ti sọ fún wa. Fóònù dún, mo sáré gbé e, mo rò pé ẹ̀yin ni. Ráṣídì ni. Ó ní kí n pe bàbá rẹ̀ kékeré wá. Kò kí mi. Bàbá rẹ̀ kékeré gbọ́ ọ̀rọ̀ kan péré, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ilé Ìsàlẹ̀ ti ṣí ọ̀nà fún Olúọ́dẹ, pé ọmọ àwọn ti pe orúkọ bàbá bàbá àwọn, ó sì ti yìnbọn ní Amẹ́ríkà. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó na fóònù sí ojú fèrèsé. Mo gbọ́ wọn. Ìbọn ṣakabùlà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n jìnnà, wọ́n ń dún bí ẹni tí ń kan ìlẹ̀kùn. Bàbá mi ni wọ́n ń yìn ín fún. Ilé Ìsàlẹ̀ ni ó ń yìn ín. Mo dúró, mo gbọ́ ọ tán. N kò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ pé ìlú sìn ín, tàbí kí n bínú sí ẹni tí ó sìn ín.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Yàrá abẹ́ ilé Alága ni a ti ń ṣe é, ní Chatham. Alága ka ìwé púpọ̀, ọ̀rọ̀ kò sì tètè ń wọ̀ ọ́ létí bí kò bá ní Gẹ̀ẹ́sì nínú.

Ráṣídì dìde, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbọn rẹ̀ ni, ọta rẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ ni. Kí ni mo jẹ níbẹ̀? Orúkọ bàbá ẹ̀ gan-an ni mo pè. Ṣé ẹni tó pe orúkọ bàbá ẹni ló ṣẹni?"

"Nínú ọkọ̀, ẹ ní Bísímílláhì ni," mo wí.

"Mo ṣe Bísímílláhì, mo sì pe bàbá ẹ. Ṣé ẹnu mi ò lè gba méjì ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ní, "Ta ló kú?" wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín.

Ìyá Kúdí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, ọmọ ọdẹ sì ni. "Ráṣídì," ni ó wí, "tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló dé tó o fi yára pè wọ́n nílé ṣáájú ọmọ olóòkú?"

"Ìyá Kúdí, ìròyìn ayọ̀ ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi fóònù ló ń sọ ọ́."

"Fóònù tí wọ́n ti dí?"

Alága kan tábìlì. "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Amẹ́ríkà là wà yìí. Ẹ̀yin ò rí nǹkan mìíràn jà sí ju ariwo ìbọn?" Wọ́n ní kí Ráṣídì bẹ̀ mí. Ó bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n gbà. Mo ní n ó rò ó.

Mo padà lọ bá àgbà òyìnbó náà. Òun nìkan ni ó ká igbá etí rẹ̀ kan sókè ní ọjọ́ ìyìnbọn náà, tí ó ń bá Ráṣídì sọ̀rọ̀. Mo bi í ohun tí Ráṣídì wí. Ó ronú, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ tọkàntọkàn. "Ó sọ nǹkan kan," ni ó wí, "ní èdè yín. Ó dà bí orúkọ." Ó gbọ́ ìró ọ̀rọ̀, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Èmi tí ǹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n ti bo etí mi.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. Ìbọn mi ń gbé inú àpótí háyà ní ìkọjá Matteson, òfin kò jẹ́ kí ó wọ ìlú tí mo ń gbé. Mo máa ń lọ nù ún. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọra: wọ́n gbà wá láyè dé ẹnu ibodè, wọn kò sì jẹ́ kí a wọlé tán. Ènìyàn lè fara da èyí bí ó bá mọ̀ pé ohun kan wà nílé tí ó dúró dè é lára ògiri. Ìyẹn ni Ráṣídì fi ọwọ́ kàn. Bóyá ó gbèrò rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó sunkún, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni ó yá jù. N kò rí inú rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ni mo gbọ́ lórí orúkọ kan ṣoṣo: ọ̀kan nínú ọkọ̀, ọ̀kan láti ẹnu àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé, ọ̀kan ní ìpàdé. Òtítọ́ tí mo mọ̀ kì í ní ẹnu mẹ́ta.

Àwọn àgbà ọdẹ ti sọ pé àpò kò ní kúrò lára ògiri bàbá mi títí ọdún rẹ̀ yóò fi pé, kí àwọn lè gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní òkèèrè yóò wí. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á, ẹ má wò ó pé ìwé mi kò pọ̀, ẹ má sì wò ó pé Ráṣídì ṣe mí lóore rí. Ìbọn tí ó dún ni kí ẹ wò. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo sì fọ ọwọ́, òun ni ó yìn ín. Obì náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní, n kò là á, ó ti gbẹ bí òkúta. Bí ẹ bá dá a pé tèmi ni ìbọn àkọ́kọ́, ẹ ránṣẹ́ sílé, n ó sì la obì mi. Bí ẹ bá dá a pé ti Ráṣídì ni, ẹ sọ fún mi, ibo ni kí n gbé obì náà jù sí?